Àdúrà Tí A Kì Í Dijú Gbà

Kàbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Alàgbà fọwọ́ kàn mí léjìká ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ó kí mi. "Màmá, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú, àdúrà là ń gbà."

Mo dijú. Inú ń bí mi díẹ̀.

Kò sí bó ṣe lè mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi wàásù fáwọn adití létí odò ní Bùnù, ọwọ́ la fi ń gbàdúrà. Ẹni tó bá dijú ti jáde nínú àdúrà nìyẹn. Rúùtù, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó gbàgbọ́, a máa ju èkùrọ́ lu ẹni tó bá ń tòògbé.

Òórùn ẹja yíyan, ọwọ́ gbogbo wa lókè, kò sí ohùn kankan àfi ti omi. Ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀...

Lẹ́yìn oúnjẹ, Rúùtù pè mí lórí fídíò. Ó ti darúgbó. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà fún mi. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Omijé bò mí lójú. Mò ń nù ún, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀, kí Àmín rẹ̀ má baà kọjá mi.