Tìróò Tí Báńkì Fẹ́ràn

Ọmọ mi, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́,

Àdúrà mi á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ìwé yìí tó dé, nítorí àdúrà kì í wọ ọkọ̀. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé yàrá tó o háyà kò jò mọ́, ṣé ọ̀gá rẹ oníbìínú yẹn ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ohun tí ò ń wá, wàá rí i. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Bàbá rẹ ṣì ń tún aago ṣe níwájú ilé, wọ́n sì ṣì ń bá àwọn aago náà wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dùn mọ́ mi débi pé n kò mọ ibi tí n ó ti mú un. O rántí pé owó tó o fi ránṣẹ́ wọ inú fóònù, kò sì jáde, torí báńkì ní àfi kí òun rí ojú mi kí òun tó gbà pé èmi ni. Mo gbé fóònù ti agolo lórí tábìlì, mo wọ aṣọ tó dára, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàsán sà. Onídìrí òdìkejì títì ló ń bá mi ka ohun tí fóònù ń sọ. Ó ní fóònù ní òun ò rí ojú mi. Mo tún kúnlẹ̀, mo wo ilẹ̀ dáadáa bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, torí ta ni yóò máa wo ẹni tí owó ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú kòró? Ó tún ní òun ò rí i. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi bu ọ̀wọ̀ fún un tó ń lé mi padà. Mo wá ń bi ara mi pé, ta ló tiẹ̀ wà nínú nǹkan yìí, ṣé kò ríran ni, àbí agbéraga ni?

Onídìrí ní ojú mi ló kéré tí kò hàn, pé kí n lé tìróò. Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta àtíkè lọ nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ tà fún mi dà bí pẹ́ńsù, ó ń ha ìpéǹpéjú mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Èkejì jẹ́ olómi. Ó ń dán, àfi bí mo ṣe ń bọ̀ wálé tí oòrùn pa á, ló bá ṣàn dé àgbọ̀n mi, n kò sì mọ̀. Aládùúgbò wa tí à ń pè ní Ẹkún-ò-jìnnà rí mi, kò béèrè ohunkóhun, ó ká ọwọ́ lérí, ó sá lọ sílé wa. Bàbá rẹ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Wọ́n ní ta ló kú? Ó wò wọ́n títí, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lòun rò pé ó kú. Bàbá rẹ ní àwọn ò tíì ráyè, pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ rí tìróò nínú ilé àwọn mọ́. Wọ́n ní àgbàlagbà tó ń kun ojú dà bí aago tó ti kú tí wọ́n ń nu gíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ní èmi kọ́, báńkì ni. Wọ́n padà sídìí aago wọn, torí bàbá rẹ bẹ̀rù báńkì.

Ẹ̀kẹta ni mo wá rí. Ìgò kékeré ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ̀ bí ìpara, ó dúdú minimini, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni wọ́n fi ń lé e. Òun ni owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo wọn, ojú tiẹ̀ ń ti ọmọ àtíkè láti mú un jáde. Ó ní tí n bá ti lé e, kí n má wo ilẹ̀ títí á fi gbẹ. Mo délé, mo lé e, ìlà wọ́. Bàbá rẹ rí i láti orí àpótí wọn, wọ́n mú un mọ́ra títí, wọn ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, wọn kì í rí ọwọ́ aago tó wọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta epo sínú aago lé e fún mi, wọn ò mí. Mo jókòó síwájú fóònù, n kò kúnlẹ̀, n kò wo ilẹ̀, torí kò tíì gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni báńkì wò mí, ó ní kí n wọlé. Ó ti hàn gbangba pé báńkì fẹ́ràn tìróò.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni bàbá rẹ ń lé e fún mi kí wọ́n tó tẹ́ iṣẹ́, torí ta ló mọ ìgbà tí báńkì máa wò mí? Ooru ìdáná ò yọ ọ́, ẹ̀rín ò yọ ọ́, ọṣẹ nìkan ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo ń lọ pọnmi ní ẹ̀rọ bí ìyàwó tuntun. Mo ń yọjú wo ara mi nínú ẹ̀yìn ṣíbí. Èyí olówó ńlá tó o fi ránṣẹ́ nínú páálí aláwọ̀ wúrà, o ṣeun, ṣùgbọ́n ó ń bó bí ọ̀dà ògiri, mo ti fi ta onídìrí lọ́rẹ.

Wàyí o, a lọ gba owó ní báńkì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá rẹ dúró níta, wọ́n ń fi àánú wo aago ara ògiri báńkì tó ń fà sẹ́yìn. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní kí n má wulẹ̀ fi ojú ṣe wàhálà mọ́, pé kí n mú nọ́ńbà àṣírí kan, ó tó. Mo bojú wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ níta. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ó parí nìyẹn, mo tún di aago tó ti kú. Mo fara mọ́ gíláàsì, mo ní ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ọkùnrin tó wà níta, ó ní màmá, báńkì ò sọ nǹkan kan. Ìwọ náà, tí o bá ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, nọ́ńbà kankan ò sí o.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, n kò lé e, torí báńkì kì í ṣí. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń ká aṣọ. Bàbá rẹ yọ, wọ́n ti fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi mí pé ṣé báńkì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn náà rò bẹ́ẹ̀, pé kí n gbójú sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, tìróò ti ń kan ìsàlẹ̀ ìgò. Ti pọ́ọ́kú yẹn ni o. Ẹni tó bá wò ọ́, rere ni kó rí lójú rẹ. Ẹni tí ìwọ náà bá sì gbójú sókè wò, kó dá ọ mọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ