Ẹni Tí A Lọ Wádìí ní Igbemo

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn tí a fẹ́ gbà ṣe olùkọ́ ti já wa kulẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lẹ́yìn tí mo mú un yí gbogbo àdúgbò Adébáyọ̀ ká láti wá ilé tó ní kànga, ó kọ̀wé lónìí pé ìyàwó òun kò fẹ́ Adó. Ó dàbọ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí àwọn aṣàyẹ̀wò dé láti Àbújá. Bí wọn ò bá bá olùkọ́ tó mọ̀ nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ẹ̀ka Saikọ́lọ́jì wa, wọn ò ní jẹ́ ká gba ọmọ tuntun wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi olórí ẹ̀ka ni wọ́n á sì bi léèrè. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tó kọ̀wé wáṣẹ́: Dókítà Monínúọlá, ọmọbìnrin Igbemo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Monínúọlá wá. Ha! Ọmọ yìí mọ̀wé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó fi Yorùbá ṣàlàyé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn títí awakọ̀ tó gbé omi wọlé fún wa fi gbàgbé láti jáde.

Ọ̀gá àgbà fákọ́tì wa — Baba Òfin ni mo ń pè é níbí — kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà nínú fáìlì Monínúọlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kó kọ èkejì ti kú lóṣù Kẹjọ. Baba Òfin ní méjì ni òfin sọ. Mo ní ṣé ká lọ jí òkú ni. Kò rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Òjò. Kò sí iná. Baba Òfin ṣì ní méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo rò ó títí. Kí àwọn baba wa tó mọ lẹ́tà ẹ̀rí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èèyàn? Wọ́n á lọ sílé rẹ̀ ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ń lọ sí Igbemo lọ́la. Mojísọ́lá, akọ̀wé ẹ̀ka wa (Rédíò, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi), á bá mi lọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé a ò gbọdọ̀ dárúkọ iṣẹ́, kí ọmọ náà má baà mọ̀ pé a ń wádìí òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo ti ṣe nǹkan tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìwé yìí.

A dé ilé àwọn Monínúọlá láago mọ́kànlá. A múra dáadáa, a ra búrẹ́dì àti èso dání. Ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo ní a rí Monínúọlá, ó wù wá, a sì fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Mama wo Rédíò, wọ́n wo èmi, ojú wọn tàn. Mo ń béèrè lọ. Ṣé kì í bínú sódì? Báwo ló ṣe ń ṣe sí ẹni tó kéré sí i? Ṣé ara rẹ̀ le? Wọ́n ń dáhùn bí ẹni ń ka kátíkísímù. Nígbà tó yá mo gbúròó adìyẹ lẹ́yìn ilé — ó ké lẹ́ẹ̀kan, kò ké mọ́. Rédíò tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ma, wọ́n rò pé a wá tọrọ ìyàwó."

Yéè! Mo fẹ́ là á mọ́lẹ̀ nígbà náà gan-an, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Mama ti yí padà. Wọ́n ní àwọn ò ní tan ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, orí Monínúọlá dàrú ní Ìbàdàn. Ó lo oṣù méjì ní ọsibítù. Ara rẹ̀ ti yá, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. "Bí ẹ bá fẹ́ padà sí ulé yín, ẹ padà báyìí. N ò ní bínú."

A kò dìde. A jẹ adìyẹ. A jẹ ìrẹsì Igbemo. Wọ́n tún di ìrẹsì fún wa lọ sílé, mo sì gbà á. Èmi, Dókítà Adédoyin, mo gba ìrẹsì àna!

Rédíò kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Òkè-Ìlá ní Adó. Ibẹ̀ ló ti ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun ò sì ní sọ nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12

N kò gbọ́ ìwàásù. Ẹ̀rù ń bà mí: bí orí rẹ̀ bá tún dàrú níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ogún ọdún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé àìsàn ọpọlọ àti ibà, àìsàn ni méjèèjì. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Ọjọ́ Ajé, 13

Monínúọlá wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀. Ó ní ìyá òun pè, pé àwọn àna òun wá. Òun bi wọ́n pé báwo làwọn àna náà ṣe rí. Wọ́n ní ìyá ọkọ wọ gíláàsì aláwọ̀ pupa, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá.

Mo bọ́ gíláàsì mi. Ó ti pẹ́ jù.

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni ohun tí ìyá òun sọ. Bó bá jẹ́ torí ẹ̀ ni mi ò fi ní gba òun, kí n sọ ọ́ lójú òun, kí n má fi lẹ́tà ẹ̀rí bojú. Mo tọrọ àforíjì. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n bi. Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ní òun fẹ́ ẹ gan-an, àmọ́ èmi ni mo máa lọ sọ fún ìyá òun pé kò sí ọkọ. Òun ò lè sọ ọ́. Mama ti ròyìn fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 15

Ìpàdé ìgbanisíṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà ẹ̀rí kejì fúnra mi. Mo ní mo dé ilé rẹ̀, wọn kì í purọ́ níbẹ̀, kódà níbi tí irọ́ ti lè ṣe wọ́n láǹfààní. Ọ̀rọ̀ àìsàn, n kò kọ ọ́. Ti Monínúọlá ni, kì í ṣe tèmi. Baba Òfin tú ìwé òfin fún ogún ìṣẹ́jú, kò rí ibi tó ti ní olórí ẹ̀ka kò lè jẹ́rìí. Inú bí i. Ó fọwọ́ sí i.

A ti rí olùkọ́! Rédíò jó láti ọ́fíìsì dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Igbemo. Èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ kí n tó lanu. Mo ní kò sí ọkọ o, yunifásítì ló rán mi, olùkọ́ la wá wádìí, kí wọ́n dárí jì mí.

Mama ní, "Uṣẹ́ ni?"

Mo ní iṣẹ́ ni, ọ̀tunla ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí àwọn sọ lọ́jọ́sí. Mo ní mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní a ṣì gbà á? Mo ní a gbà á.

Wọ́n fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní ẹbí ọkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti jókòó sórí àga yẹn ṣáájú mi. Ohun tí àwọn sọ fún mi náà làwọn sọ fún wọn. Àwọn yẹn jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ padà wá."