Òòjá Ìyá Mi àti Kẹ́ẹ̀gì Baálẹ̀ Yìnyín

Sọ́ńdè, 11 Jánúárì

Orogún mi wọlé lónìí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fáànù Cornelius, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, wọ́n sì jù ú sórí ibi tí mo ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kadà orí yìnyín ni. Kò ní táyà. Irin pẹlẹbẹ méjì ló nà síwájú bí ahọ́n, rọ́bà dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ní Peckham! Níbi tí yìnyín ti máa ń yọ́ kí n tó wọ bàtà mi tán.

Gàníyù ọkọ mi dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Bàbá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Kí nìyí?" Ó ní, "Àsúmáù, fara balẹ̀, màá ṣàlàyé." Ó jẹun, ó kírun, ó sùn. Kò ṣàlàyé.

Nígbà tí mo fẹ́ràn rẹ̀, Àlàó ni mo máa ń pè é. Láti òní lọ, Baálẹ̀ Yìnyín ni.

Túsìdé, 13 Jánúárì

Àlàyé dé. Òun àti Cornelius, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ń lọ sí òkè lọ́hùn-ún ní Sweden. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà sínú fáànù, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi. Cornelius á háyà tiẹ̀ tí wọ́n bá débẹ̀. Wọ́n á wá máa gùn ún kiri inú igbó tí kò sí ènìyàn, tí kò sí ilé epo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbé epo sẹ́yìn rìn.

Mo bi í pé kí ló sọnù síbẹ̀. Ó ní kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, òun kàn fẹ́ dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè pe òun lórí fóònù.

Ẹnikẹ́ni! Ta ló ń pè é bí kò ṣe èmi?

Sátidé, 17 Jánúárì

Kóyọ̀dé wẹ́dà, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ afárá rélùwéè, wá fi férémù irin kan sẹ́yìn Orogún. Bóòtù mẹ́rin. Kẹ́ẹ̀gì pupa méjì ló máa jókòó nínú rẹ̀. Wọ́n lu irin títí tí orí fi ń fọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ mi ní Elephant dé, ọ́fíìsì rẹpẹtẹ ni mo nù, ẹ̀yìn ń dùn mí. Kóyọ̀dé ní, "Mummy, ẹ kú ìfaradà." Mo ní ìfaradà wo? Ta ló fara dà á?

Sọ́ńdè, 18 Jánúárì

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Mo jáde lọ sá aṣọ. Mo rí i. Òòjá mi. Òòjá òfì tí ìyá mi fi pọ̀n mí ní Ìsẹ́yìn, tí èmi náà fi pọ̀n Tẹniọlá ọmọ mi gun bọ́ọ̀sì ní Walworth Road tí àwọn òyìnbó ń wò wá. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà, lábẹ́ gbogbo aṣọ. Baálẹ̀ Yìnyín wá a kàn, ó fi wé kẹ́ẹ̀gì. Ó ní irin férémù ń ha kẹ́ẹ̀gì náà, pé ó máa lu, pé òun ń wá nǹkan tó nípọn. Bẹntiróòlù ti rin ín gbindin.

Ṣé kò sí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú ilé yìí ni? Ṣé kò sí ṣòkòtò rẹ̀ tó ti ya?

Mo pariwo títí Bernice tó ń gbé lókè fi yọjú lójú wíńdò. Kí ni Baálẹ̀ Yìnyín wá sọ? Ó ní, "Aṣọ lásán ṣáà ni. Tẹniọlá ti di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ta lo tún fẹ́ pọ̀n?"

Kò burú. Mo ti panu mọ́.

Mọ́ńdè, 19 Jánúárì

Mo bá a yan odì.

Tọ́sìdé, 22 Jánúárì

Mo fọ òòjá náà pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo tún rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ dúdú. Òórùn kò lọ. Mo ká a sínú dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ náà ń rùn. Mo gbé imú sí i, mo sunkún. Mo sunkún gan-an ni.

Tẹniọlá yà wọlé lẹ́yìn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ wà lórí sítóòfù." Baálẹ̀ Yìnyín, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi gan-an, ní, "Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti jẹ búrẹ́dì." Ọmọ náà wo èmi, ó wo òun. Ó ní, "Mummy, Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo ti tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ń jà látàárọ̀. It's long, ó ti sú mi." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ tí mo fi òòjá yẹn pọ̀n.

Sátidé, 24 Jánúárì

Wọ́n dán ẹrù wò lónìí. Wọ́n rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì dẹ́nu, wọ́n fi bẹ́líìtì ẹrù dè wọ́n mọ́ férémù, òun àti Cornelius wá ń gbé ìdí Orogún sókè, wọ́n ń jù ú mọ́lẹ̀, gbàà, gbàà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa fò lórí yìnyín. Èmi wà ní kíṣìnì lójú wíńdò. Ọrùn kẹ́ẹ̀gì ló so bẹ́líìtì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n jù ú mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan fò jáde, ó yí dé ìdí okùn tí mo sá aṣọ sí.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ìkòkò ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìkòkò, ìdí la ti ń di ohun tí a bá pọ̀n. A kì í di ọmọ lọ́rùn. Ẹni tí kò pọ̀n ọmọ rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Mo sọ ọ́ kó dún dáadáa.

Kò wẹ̀yìn. Àmọ́ nígbà tí mo tún yọjú, ó ti fa bẹ́líìtì kan gba ìsàlẹ̀, ó ti gbé òmíràn kọjá láyà wọn, ó fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sáàárín irin àti kẹ́ẹ̀gì. Kápẹ́ẹ̀tì! Ó wà nílé látijọ́. Wọ́n tún jù ú mọ́lẹ̀, kò mì.

Ìdérí ló kù tó ń jò. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nílé: ó gé ọ̀rá búlúù tí mo fi ra ẹja ní Rye Lane, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ìdérí lọ́ ọ mọ́ ọn. Jíjò dá. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Jímọ̀, 30 Jánúárì

Wáàsí Àlùfáà ní mọ́ṣáláṣí lónìí: Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ bá ẹnì kejì rẹ̀ yan odì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ló lóore jù. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ẹ tún inú ṣe.

Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ó wà lápá àwọn ọkùnrin, iwájú ló sì máa ń jókòó. Mo dúró kó wá kí mi. A jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà délé, ó jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn. Ó dájú pé òun náà ń retí kí n kọ́kọ́ kí òun.

Kó máa retí.

Sátidé, 31 Jánúárì

Ó lọ. Wọ́n ti da epo inú kẹ́ẹ̀gì jáde nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kì í gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rọ òmíràn.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. A kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò lọ láìwúre fún un, mo mọ̀. Ó wúkọ́. Èmi náà wúkọ́ láti yàrá. Ó tún wúkọ́. Ìyẹn ni ó dàbọ̀ wa lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Sọ́ńdè, 1 Fẹ́búárì

Òòjá ò sí nínú dúrọ́ọ̀!

Ó gbé e lọ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ó tún ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Mo tẹ fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún un: "Olè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jí òòjá ìyá ìyàwó yín gbé, olè ni yín! Kí òtútù pa yín síbẹ̀, kò kàn mí!" Mo fi ránṣẹ́ kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Inú mi dùn títí di alẹ́. Mi ò mọ ìdí tí kò fi dùn mọ́.

Túsìdé, 3 Fẹ́búárì

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fa àpò ìdọ̀tí wa ya láàárọ̀ yìí, ó tú gbogbo rẹ̀ síta. Mo ń ṣa á, mo ń ṣépè fún un. Mo wá rí ọ̀rá búlúù méjèèjì tí Baálẹ̀ Yìnyín yọ lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì nígbà tó da epo jáde. Ọ̀kan pé, àmì ìdérí yí i ká. Èkejì ti fà ya. Ìdérí ti lọ́ ọ gé, ibì kan sì ti kúrò lára rẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo wá ibi tó kù nínú gbogbo ìdọ̀tí náà. Kò sí.

Inú kẹ́ẹ̀gì ló ti já sí nìyẹn. Ní Agége, ṣebí bí jẹnẹrétọ̀ wa ṣe kú nìyẹn? Mẹkáníìkì tú u, ọ̀rá bíńtín ló fà jáde ní ojú ọ̀nà epo. Nílé, wọ́n á tan àbẹ́là. Nínú igbó yìnyín ńkọ́, tí ẹ̀rọ bá kú?

Cornelius gbé fọ́tò sórí WhatsApp rẹ̀: àwọn méjèèjì níwájú ilé onípákó kan, kẹ́ẹ̀gì pupa sẹ́yìn Orogún, wọ́n ti so ó dáadáa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́la, ní ìdájí, àwọn á wọ igbó, kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gbàdúrà fún wa.

Mo pe Tẹniọlá. Ó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí. Mo pe Cornelius, wọ́n ní ó ti pa á. Mo pe Baálẹ̀ Yìnyín. Ó ń dún, ó ń dún. Kò gbé e. Mo tún pè. Ó gé e. Ta ló máa gbé e? Ó rò pé èébú ló kù. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ti ilẹ̀kùn náà. Mo gba ohùn sílẹ̀, kò gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ gbọọrọgbọọrọ, kò ṣí i.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i, kó lè rí i láìṣí i:

Àlàó.

Túsìdé kan náà, ìrọ̀lẹ́

Ó pè. Kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kú. Mo sọ ti ọ̀rá fún un. Ó ní àwọn ti rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, àwọn ti dè é, pé òun gbọn wọ́n kí wọ́n tó rọ ọ́, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ọ̀rá kì í dún. Ó ní, "Ṣé kí n máa tú gbogbo rẹ̀ nínú òtútù yìí?" Mo ní kó tú u. Ó ní kí lòun fẹ́ fi sẹ́ ẹ, kò sí asẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Òòjá mi dà?"

Mo tún bi í.

Ó ní, "Ó wà lọ́rùn mi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Òtútù ibí yìí kì í ṣe kékeré. Òun ni mo fi wé ọrùn láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé."

"Pẹ̀lú òórùn epo yẹn?"

"Pẹ̀lú òórùn epo yẹn, Àsúmáù."

Mo di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Ẹ tú u. Ẹ fi sẹ́ epo náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì."

Ó ní, "Òòjá ìyá ẹ?"

Mo ní, "Òòjá ìyá mi."

Kò sọ pé o ṣé. Èmi náà ò sọ pé ẹ má bínú. Mo gé fóònù.

Wẹ́sìdé, 4 Fẹ́búárì

Fọ́tò kan ló wọlé ní ìdájí. Òòjá mi lórí yìnyín, ó rin gbindin. Ọ̀rá búlúù bíńtín jókòó sí àárín rẹ̀. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òun nìyí."

Kò sí o ṣé níbẹ̀ náà. Orí kunkun. Mo fèsì: "Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé mi. Òórùn yẹn ò gbọdọ̀ wọnú dúrọ́ọ̀ mi mọ́."

Àmì kan ṣoṣo ló yọ lórí WhatsApp, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dúró kí èkejì yọ. Mo kírun, mo lọ sí Elephant, mo nu ọ́fíìsì, mo dé. Àmì kan náà ni. Wọ́n ti wọ igbó. Ó ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pè é.

Mo tún pè é.