Ilé Pupa Lábẹ́ Ilé Agogo: Ìgbésí Ayé Prospero Mortola (1931–2016)

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1931 ni a bí Prospero Mortola, nínú ilé pupa alájà mẹ́ta tó kọjú sí òkun ní èbúté Camogli. Agostino, atukọ̀, ni bàbá rẹ̀. Colomba, tó máa ń tún àwọ̀n ṣe, ni ìyá rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ náà tukọ̀. Inú omi ló kú sí. Àwọn tó ń tẹ ìwé yìí ní kí ẹbí kọ ọ́ pé ìràwọ̀ kan ti wọ̀. Kì í ṣe ìràwọ̀. Atukọ̀ ni, ó sì máa ń bẹ̀rù omi. Ẹ̀rù yẹn ni a fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tí ìlú yìí ti ń sọ ní òdì láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ọdún márùn-ún ló lò ní ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó máa ń wo fèrèsé jù. Ní ọdún 1943, bàbá rẹ̀ lọ pẹja, kò padà. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju ọkọ̀ kan tí kò gbé lọ lọ́jọ́ náà àti àmì kan. Gbogbo atukọ̀ ibí ló ní àmì tirẹ̀: ohun méjì lórí ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà kan náà lójú rẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lọ́nà òkúta abẹ́ omi. Wọn kì í sọ àmì fún ẹnikẹ́ni, àyàfi ọmọ tó máa jogún ọkọ̀. Ọkọ kì í sọ ọ́ fún aya. Bí o bá bèèrè, wọ́n á ní, “Ṣé ìwọ lo máa bá mi wa ọkọ̀ ni?”

Ní ọdún 1957, ó fẹ́ Ersilia Bozzo, ọmọ Uscio lórí òkè. Àwọn ará ilé ọkọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tí Prospero gbé wá, ẹja tó ti kú pàápàá ń bà á lẹ́rù. Ersilia yìí ló ń kọ ìwé tí ẹ ń kà. Wọ́n bí Benedetta ní ọdún 1958, wọ́n sì bí Agostino kékeré ní ọdún 1961.

Láti ọdún 1959, ó fi ẹja pípa sílẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀, Colomba, tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè, gbé àwọn àlejò lọ sí Portofino àti Santa Margherita. Olówó ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, àlejò mẹ́sàn-án láti Milan ní kó gbé àwọn fún ọjọ́ mẹ́fà, lọ sí Sanremo, Monte Carlo àti Nice, kó sì gbé àwọn padà. Kò fẹ́ lọ. Àsìkò libeccio ti ń wọlé, ìjì tó máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá láìkìlọ̀. Àárọ̀ méjì ló fi dúró létí omi, tó ń wò ó. Ìyàwó Dókítà Galimberti, tó jẹ́ aṣáájú wọn, rẹ́rìn-ín sí i.

“Ọ̀gá Prospero, ẹ tújú ká díẹ̀. Monte Carlo là ń lọ, kì í ṣe ìsìnkú!”

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá.

Lẹ́yìn tó lọ, Ersilia ro ohun kan. Àwọn àlejò tó ń wá yàrá ní èbúté, ilé tó bá dán ni wọ́n ń yà sí. Ilé Mortola ti ṣá. Ó pe àwọn akunlé méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ó ní kí wọ́n kun ún ní àwọ̀ ìyeyè kí ọkọ òun tó dé, kó lè bá ohun ìyàlẹ́nu nílé. Ní ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ti parí. Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Libeccio dé. Omi ń fò kọjá ògiri èbúté, òjò ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀. Àwọn obìnrin jáde, wọ́n dúró létí omi. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Colomba yọ. Ìgbì bò ó, ó tún yọ. Lẹ́yìn náà ó yí sí òsì, síbi tí òkúta wà.

Bàbá Baciccia, atukọ̀ àgbà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ersilia. “Kí ni Prospero ń ṣe yẹn? Ṣé orí rẹ̀ dà rú ni?” Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ilé. “Ìyàwó, ta ló kun ilé yín?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ! Ilé yín ni àmì rẹ̀! Ilé pupa lábẹ́ ilé agogo ìjọ, òun ni bàbá rẹ̀ lò títí tó fi kú. A kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ilé pupa àwọn Razeto lápá òsì ló ń wò yẹn! Orí òkúta ló ń bọ̀!”

Ersilia tún bojú wo òkun. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn, ènìyàn mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yọ ojú wọn. Kò tíì sí ẹ̀rù tó dà bí i rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ohun tó rántí ni aṣọ. Gbogbo ilé ibí ló ní aṣọ àrán pupa tí à ń ta sójú fèrèsé ní ọjọ́ tí a bá gbé Ara Olúwa, búrẹ́dì mímọ́ ìjọ, kọjá. Ó sáré gòkè. Iolanda, aládùúgbò rẹ̀, kó tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ta á sí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè. Afẹ́fẹ́ ń fà á gbà.

“Di etí rẹ̀ mú!” ni Iolanda ń ké. “Ersilia, bí o bá jù ú sílẹ̀, èmi fúnra mi á jù ọ́ sílẹ̀!”

Ó di etí aṣọ mú, ó dijú. Kò lè wo òkun. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbọ́ ohùn Baciccia nísàlẹ̀: “Ó ti yí! Ó ti yí!”

Òkúta ha ìdí ọkọ̀, pákó kan fọ́. Gbogbo wọn gúnlẹ̀ láàyè. Ìyàwó Dókítà Galimberti fi orúnkún rá gun orí ilẹ̀, láìsí bàtà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Prospero dúró níwájú ilé rẹ̀ pẹ́.

“Ersilia,” ni ó wí, “ta ló jí ilé mi lọ?”

Ersilia jẹ́wọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ èbúté pè é, ó ní ìyàwó òun ti sọ fún òun nípa ọ̀dà náà kí òun tó lọ, òun ló gbàgbé. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọ ilé ọtí, wọ́n á ní, “Prospero, ilé rẹ rèé o, má ṣìnà!” Á ní, “Ẹ ṣeun, mo ti rí i.” Ersilia fẹ́ sọ òtítọ́. Prospero ní kó pa ẹnu mọ́.

“Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní o fẹ́ pa mí. Tèmi, ẹ̀rín lásán ni wọ́n ń fi í rín.”

Ersilia pa ẹnu mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n dá ilé padà sí pupa. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti gúúsù, Ersilia á jáde lọ wo ara ilé, bí ẹni pé ẹnìkan lè tún jí i.

Nígbà tí olóògbé padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1969, ó kọ àmì rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ilé àwọ̀n, kí gbogbo ayé lè kà á, àwọn ìyàwó pẹ̀lú. Àwọn atukọ̀ bínú. “O ń ta ogún àwọn bàbá wa!” Ó ní, “Ẹni tó rì kò ní ogún.” Lónìí, àmì mọ́kàndínlógún ló wà lára ògiri náà, àwọn tó bú u ló sì kọ púpọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú nìyẹn.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí nínú ìjọ. Ó gbé pákó kékeré kan lọ sí ilé ìjọsìn Màríà ní Boschetto láti fi dúpẹ́, tí wọ́n ya ọkọ̀, òkúta àti ilé sí. Ayàwòrán fẹ́ fi Màríà sínú ìkùukùu. Ó ní kó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi bo ilé. Kò tún padà sí Monte Carlo. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ bá bi í pé kí ló rí níbẹ̀, á ní, “Mo rí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́.”

Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2016, lórí ibùsùn rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Ó fi Ersilia ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Benedetta àti Agostino. Àwọn ọmọ-ọmọ, Tecla, Raimondo, Fulvia àti Prospero kékeré. Àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Iolanda.

Ẹ̀yin tó wá sin ín, ọ̀pọ̀ yín ti fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ọ báyìí: Prospero kò gbàgbé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi Ersilia ni mo kun ilé, èmi ni mo sì dákẹ́.

Etí omi la máa gbé e gbà. A ti ta aṣọ àrán sójú fèrèsé.

Sùn re o, Prospero. Má bẹ̀rù mọ́. Ilé ṣì pupa, ó ṣì wà lábẹ́ ilé agogo. Máa wọlé bọ̀.