Adìyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tí Kọ̀mpútà Kò Mọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ara rẹ ńkọ́, oorun rẹ ńkọ́, ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ? Èmi wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣeré, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí eré náà le. Bá mi kí ọ̀gá rẹ ní ilé àfihàn àwòrán tí o ti ń ṣiṣẹ́, kí o sì bá mi kí kọ̀mpútà yín, torí bí mo tilẹ̀ ń bínú sí i, ilé tí wọ́n ti ń kí èèyàn ni wọ́n ti bí mi.

Ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá kò jẹ́ kí n rí ara gbé nǹkan ṣe. Àwòrán mi tí bàbá rẹ yà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, mo yọ ọ́ lára ògiri pálọ̀, mo fi aṣọ tó mọ́ wé e, mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. O ní ẹ ti ya fọ́tò inú rẹ̀ bíi ti ọsibítù, mo bi ọ́ bóyá àìsàn kan wà níbẹ̀, o bú sẹ́rìn-ín. O tún ní kọ̀mpútà ti wo gbogbo iṣẹ́ bàbá rẹ yòókù, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa búrọ́ọ̀ṣì, ó sì gbà pé bàbá rẹ ló ya èmi àti àpótí tí mo jókòó lé, ṣùgbọ́n adìyẹ tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àti pé bí ẹ kò bá mọ ẹni náà, ọ̀gá yín ò ní kọ orúkọ bàbá rẹ sábẹ́ àwòrán náà tó bá gbé e kọ́.

Ó dùn mí o. Níbo ni kọ̀mpútà wà nígbà tí mo jókòó sórí àpótí yẹn títí ìdí fi ń ro mí? Ṣé ó bá wa gbélé ni? Èyí tó wá burú jù, mo fi fóònù sí sípíkà, káfíńtà tó ṣe férémù àwòrán náà ń tún ilẹ̀kùn mi ṣe lọ́wọ́, ó gbọ́, ó sì ti ń sọ kiri àdúgbò pé òun ló ya adìyẹ. Ẹni tí kò lè fa ìlà tó tọ́ sórí pákó!

Sọ fún kọ̀mpútà pé kó fara balẹ̀ ka ẹsẹ̀ adìyẹ náà. Mẹ́ta ni. Ìwọ lo yà á. O ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń de bàtà nígbà náà. Bàbá rẹ lọ fọwọ́, kí wọ́n tó padà dé, o ti fi ọwọ́ òsì rẹ gbé adìyẹ kalẹ̀. Mo fẹ́ fi àkísà nù ún, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní adìyẹ yẹn ń rìn ju èyí tí àwọn ń yà lọ, pé àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ orúkọ wọn, orí ẹsẹ̀ kẹta gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀wù iṣẹ́ wọn wà nínú àpò tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, mi ò fọ̀ ọ́, kí kọ̀mpútà lè gbóòórùn wọn. Tó bá ṣì ń jiyàn, gbé ọwọ́ òsì rẹ sí i lójú. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra nǹkan bo ibi tó ṣófo lára ògiri, káfíńtà yẹn kọ́ ni yóò bá mi gbé e kọ́.

Kí ọ̀gá yín kọ orúkọ bàbá rẹ, kó kọ tìrẹ tẹ̀ lé e. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe láyé, ẹnikẹ́ni ò ní rí i nù kúrò.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó wà lórí àpótí.