Ẹ Dúró De Bàbá Délé Kí Ẹ Tó Gbin Pèrègún

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, àti ìyàwó wọn. Ẹ kú ewu ìjì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ara mi le. Oko adìẹ ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà níbí, ẹyin ni mo ń ṣà láti àárọ̀ dalẹ́. Òtútù ibí le, àmọ́ àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ le jù ú lọ. Aládùúgbò mi, mọ́tò rẹ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ pè mí, tí ẹ ní afẹ́fẹ́ náà ń yí bí òkòtó wọ oko wa, tó wó gbogbo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì fa pèrègún ààlà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ní ògiri abà wó lu Bàbá Délé, ará Ìfọ́n tí oko wọn bá tiwa pààlà, wọ́n sì wà ní ọsibítù l'Óṣogbo pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán. Ẹ wá ní Bọ̀dá Káyọ̀dé fẹ́ gbin pèrègún tuntun lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì sún un wọ ilẹ̀ Bàbá Délé díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka ibi tí ààlà wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ bi mí pé, "Fúnmi, kí ni ìwọ rí sí i?" Èsì mi nìyí. Mo fi í síta kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á, nítorí oko tiwa nìkan kọ́ ni ìjì yẹn pa ààlà rẹ̀ rẹ́, n'Ìlobù ìlú wa àti n'Ìfọ́n.

Bàbá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì gbin èyí tó lọ yìí. Ẹ gbẹ́ ihò kan, Bàbá Délé ri igi sí i. Wọ́n gbẹ́ ìkejì, ẹ̀yin lẹ ri igi. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é dé etí odò. Mo bi yín ìdí rẹ̀, ẹ ní pèrègún tí ẹnì kan dá gbìn kì í ṣe ààlà. Nígbà tí Màmá sì kú, tí ẹ kò lè jáde nílé, ta ló bá wa kọ ebè?

Inú ń bí mi sí Bọ̀dá, n kò ní purọ́. Àmọ́ wọn kì í ṣe èèyàn burúkú; ẹ̀gẹ́ tó ṣòfò ló ń dùn wọ́n. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí Bàbá Délé yóò fi lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Koríko ni yóò hù níbẹ̀, koríko kì í pààyàn.

Ẹ ti sọ pé ẹ̀gbẹ́ ààlà yẹn ni ìpín mi. Bí wọ́n bá gbin pèrègún náà láìsí Bàbá Délé níbẹ̀, ẹ fún ẹlòmíràn. N kò ní lè jẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi púpọ̀ rọ́pò ohun tó lọ, kó sì dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dé ọsibítù ná, kí ẹ bá mi kí Bàbá Délé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi