Ibo Ni Ràfátù Yóò Ti Kọ́ Iṣẹ́ Eyín?

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì 1982

Ó dé! Lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù dé! Ràfátù ọmọ mi ti rí àyè ní ilé ìwé ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín lọ́hùn-ún. Ti Ìbàdàn ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sì yọ̀ nígbà náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ju ayọ̀ lọ. Mo kígbe débi pé àwọn tó wá lọ ata nídìí ẹ̀rọ mi sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú.

Ọ̀rọ̀-Méjì — ọkọ mi nìyẹn, Abdulkadir télọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni òòjọ́ rẹ̀ — gbé awò sójú, ó ka lẹ́tà náà tán, ó ní, "Ó dáa." Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ràfátù náà kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń ṣe bí ìyá àgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo dúró níwájú dígí láàárọ̀, mo pe ara mi ní "Ìyá Dókítà Lọ́ńdọ̀nù". Ó dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo gbé ìwé aláwòrán tí ilé ìwé náà fi ránṣẹ́ lọ sí Àṣàlátù. Mo mọ̀ pé Suwebat á wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ìyálé mi. Láti ọdún mẹ́ta tí Jàrátù ọmọ rẹ̀ ti lọ kọ́ ìṣirò owó ní Lọ́ńdọ̀nù, a ò gbádùn nínú agbo ilé mọ́. Òjò rọ̀, á ní ti Lọ́ńdọ̀nù jù bẹ́ẹ̀ lọ. A se ẹ̀wà, á ní Jàrátù kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù" ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí i.

Lẹ́yìn àdúrà mo ṣí ojú ewé tó wù mí jù. Òyìnbó obìnrin kan, àwòrán méjì. Nínú ọ̀kan, eyín rẹ̀ kún, kò sí àlàfo kankan. Nínú èkejì, èjí! Èjí tó mọ́, tó gún, bí èyí tí bàbá kan ní Ìjàrà-Ìsin fi ayùn kékeré pa sí èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo fẹ́ lọ ilé ọkọ, tí mo fi sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa èjí lọ́hùn-ún, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí omijé! Ohun tí ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ nìyí. Àwọn obìnrin ń já ìwé náà gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn mẹ́ta ló fi orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ pé kí Ràfátù bá wọn pa èjí bó bá dé. Ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ san àsansílẹ̀. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìwé náà.

Mo rìn délé, mi ò mọ̀ pé mo rìn.

Ọjọ́ Ajé, 23 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo gbé! Ràfátù ní òdì ni mo ka àwòrán sí. Èjí yẹn ni àìsàn. Dídí tí wọ́n dí i ni ìwòsàn! Ọlọ́run fún òyìnbó obìnrin ní èjí lọ́fẹ̀ẹ́, kò san kọ́bọ̀, ó wá lọ kó owó fún dókítà kó bá òun dí i pa. Mo ní irọ́ ni. Ọmọ yìí fi ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán hàn mí. Èmi tíṣà ọdún méjìlélógún, tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ ní Àrán-Ọ̀rin pé wọn kò fara balẹ̀ kàwé.

Ràfátù rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀-Méjì náà rẹ́rìn-ín, ejìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú wo ni màá fi wo àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn?

Ọjọ́bọ̀, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

Owó. Ó di dandan ká sọ ọ́. Mo ka iye tí Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè lọ́dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún ní kí Ràfátù bá mi kà á bóyá ojú ló ń ṣe mí. Ọdún márùn-ún ni o! Ìbàdàn kì í gba owó ìwé, owó ibùsùn àti ti oúnjẹ nìkan ni. Owó epo rọ̀bì sì ti já wálẹ̀, ìjọba ti ní kí gbogbo wa ṣọ́ owó ná, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sókè òkun á tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Ohun tí mo ní kò ju méjì lọ: ilẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́nà Àrándùn, àti ẹ̀rọ ata. Bí mo bá ta méjèèjì, ó tó ọdún àkọ́kọ́, bóyá ká rí díẹ̀ kù. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run á ṣe é. Mo sọ fún Ọ̀rọ̀-Méjì. Ó gbójú sókè: "Ilẹ̀ ìyá ẹ?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn. 

A jà. Èmi ni mo jà, òun ń gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Mo ní ṣé ọmọ Suwebat nìkan ni wọ́n dá Lọ́ńdọ̀nù fún ni? Ó gé òwú.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

N kò lọ Àṣàlátù. Mo ní eyín ń dùn mí. Irọ́ kọ́ — ó ń dùn mí lóòótọ́, eyín inú lápá òsì, ó ti tó oṣù kan. Mo fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mi ò fojú ba oorun. Iyọ̀, kànáfùrù, omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ já sí asán. Ràfátù wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ Jòhánù tó ń yọ eyín ní ọsibítù. Mo bẹ̀rù Jòhánù yẹn, ẹ̀mú rẹ̀ kì í ṣeré. Àmọ́ ó wò mí lẹ́nu tán, ó ní, "Tíṣà, eyín yìí kò yẹ ní yíyọ. Ihò rẹ̀ ló yẹ ká dí, mi ò sì ní ohun tí màá fi dí i." Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá wọn, kí n ṣe sùúrù. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀! Ṣé kí wọ́n wá fi ẹnu mi kọ́ṣẹ́ ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá wò ó. Èkó ló ń gbé. Ó ní kí Iléyá tó dé òun á kó owó wá. Ẹnu wíwú ni mo fi bá a dúnàá-dúrà. Kò gbọ́ ìdajì ohun tí mo sọ, ó rò pé mo kọ̀, ó sì fi owó kún un.

Ọjọ́bọ̀, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Èrò kún ọsibítù, àwọn kan láti Èsìẹ́, àwọn kan gun alùpùpù wá láti Àrándùn, oníkálukú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ọmọbìnrin kékeré kan ló kàn mí, Ọláṣẹ̀hìndé lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ bí ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì mẹ́fà lọ́dún tó kọjá! Mo bi í pé ẹnu mélòó ló ti fọwọ́ bọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò kà wọ́n mọ́." Ó ní mo ń jẹ obì. Mi ò tíì sọ fún un! Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó dà bíi pé eṣinṣin bà mí. Ọ̀gá wọn dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Iná bá lọ. Jòhánù ní kí Ràfátù wá di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ mi dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ó tẹjú mọ́ inú ẹnu mi bí ẹni ń wo nǹkan dáadáa. Ó ń béèrè, Ọláṣẹ̀hìndé ń dá a lóhùn: ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ báyìí, ibi tí iṣan wà. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lókè orí mi, ẹnu mi là sílẹ̀, mi ò lè dá sí i. Irú ìyà wo nìyẹn fún èmi Asisat!

Nígbà tí wọ́n dí i tán, ọmọbìnrin náà fi dígí kékeré wò mí yíká, ó dé iwájú, ó dúró. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní ó parí, wọ́n fẹ́ dí èjí mi. Ó ní, "Ẹ wá wo èjí ìyá yìí." Wọ́n tò wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó ní ẹni tó pa á mọ ibi tó yẹ kóun dúró kí ayùn má baà kan ibi tó ń dùn, iṣẹ́ àgbà ni. Ó bi mí bóyá bàbá náà wà láyé, òun ì bá lọ kí i. Mo ní ó ti kú. Mo sunkún díẹ̀. Inú mi dùn gan-an, mi ò mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fi apá òsì jẹ ẹran. Ẹran ìdí o!

Ọjọ́ Àìkú, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fẹnu ara mi jẹ́wọ́ ní Àṣàlátù pé òdì ni mo ka àwòrán sí. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹni tó fẹ́ san àsansílẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun kò san án.

Nígbà tí a ń jáde, Ìyá Lọ́ńdọ̀nù sún mọ́ mi: "Asisat, ṣé o ti fi owó náà ránṣẹ́?" Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìlara burú.

Ọjọ́ Ajé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ràfátù wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ata. Lẹ́tà méjì ló mú lọ́wọ́, ó ti fọwọ́ sí wọn, ó ti lẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan sí Ìbàdàn, ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: mo gbà, mò ń bọ̀. Ó ní, "Màámi, mi ò ní tàn yín, orúkọ Lọ́ńdọ̀nù wù mí. Kò síbi tí wọn kò ti mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ Ọláṣẹ̀hìndé. Bí mo bá sì lọ tí owó ọdún kejì kò wá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ni màá lọ, mi ò sì ní ráhùn."

Ó gbé ata oníbàárà, ó ń bá mi lọ̀ ọ́. Inú bí mi. Ta ní ń gbé irú ẹrù yìí ka ìyá lórí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bi Ọ̀rọ̀-Méjì léèrè. Ó ní, "Ìwọ mọ̀." Díẹ̀ ló kù kí n fi orógùn lù ú.

Ọjọ́rú, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ará Èkó kó owó dé. Mo ní kó padà wá lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fi lẹ́tà méjèèjì sínú báàgì láàárọ̀, mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà Àrándùn lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ìyá mi, láàárín ẹ̀gẹ́. Mo bi ara mi: ta ló fẹ́ lọ Lọ́ńdọ̀nù gan-an? Èmi ni! Èmi Asisat, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí mi ò ní kọ́ iṣẹ́ eyín kankan. Mo dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí wèrè. Mo dìde, mo gbọn ìdí nù.

Pósítọ́fíìsì kún, àwọn ará Èkó tó wálé Iléyá pọ̀ níbẹ̀. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù wà lórí ìlà pẹ̀lú. Ràímì tó ń ta sítáḿpù rí mi, ó pariwo: "Ìyá Dókítà! Ti Lọ́ńdọ̀nù ni àbí?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Ìbàdàn ni. Ìbàdàn lọmọ mi ń lọ." Mo sọ ọ́ sókè, ó sì rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ya èkejì sí mẹ́rin níṣojú wọn. Kí ará Èkó tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa kó owó rẹ̀ lọ.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù bá fà mí lápá jáde. Mo ní ẹ̀sín dé. Mo wo ojú rẹ̀, omi ló kún un. Ó ní, "Asisat, o ṣeun tí o ò ta ilẹ̀ ìyá ẹ." Ó ní Jàrátù ti kúrò nílé ìwé, ó ti lé lọ́dún kan. Owó kò lọ déédéé mọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Ilé oúnjẹ kan ló ti ń fọ abọ́. Ó fẹ́ wálé, ojú ń tì í, nítorí bí òun ìyá rẹ̀ ṣe ti pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri ìlú. Ó ní òun fẹ́ kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Àṣàlátù yẹn, ẹnu òun kò gbé e.

Èmi tí mo pè é ní onílara nínú ìwé yìí! Mo dì mọ́ ọn, àwa méjèèjì sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ará Èkó ń wò wá.

Mo bi í pé kí ló wá ṣe ní pósítọ́fíìsì. Ó fa ìwé lẹ́tà kan yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, òfìfo. Kò mọ ìwé kọ, kò sì fẹ́ kí ọmọléèwé kankan nínú agbo ilé bá òun kọ èyí. Mo mú bírò. Mo ní kí ni ká sọ fún un? Ó ní, "Sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé. Sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo kọ ọ́. Mo fi ìlà kan kún un lórúkọ ara mi, pé bó bá dé, a óò jọ wá ilé ìwé míì fún un nílé níbí.

Lẹ́tà kan ṣáà gba Lọ́ńdọ̀nù lọ lónìí. Ìyálé mi fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú àpótí.